Ọ̀rọ̀ Kan Tí Àtẹ́wọ́ Bò Mọ́lẹ̀ ní Trikania

Bí àwọn ọmọ wa ní Kaduna níbí bá ti fẹ́ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn òbí wọn a fà wọ́n wá sí pálọ̀ mi. "Ìyá Lọ́yà, ẹ bá wa wo ọmọ yìí. Ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, ó jọ pé iṣẹ́ yín ló máa ṣe." N óò fi Yorùbá bi ọmọ náà léèrè ọ̀rọ̀, òun náà á sì fi Haúsá dá mi lóhùn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ ohun tí kì í dùn mọ́ àwọn òbí nínú, pé etí ni iṣẹ́ lọ́yà, ẹnu kàn ń tẹ̀lé e ni. Ọmọ tí kò bá lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin, kó lọ máa ta mọ́tò.

Ẹ̀yin ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí. Mo ti fẹ̀yìn tì. Wíìgì mi wà nínú páálí lókè àpótí aṣọ, ọmọọmọ mi kan sì ti dé e fún ológbò rí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mo fi ayé mi ṣe, ẹ fara balẹ̀, nítorí àgbàlagbà kì í sáré sọ̀rọ̀.

Kaduna ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ọ̀ffà ni bàbá mi, iṣẹ́ télọ̀ ló sì ṣe títí ojú rẹ̀ kò fi rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì Lọ́yà Adéṣígbìn kò gba àlàyé. Mo kọ̀wé, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, mo sì wá. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ń gbé mi dé ibi iṣẹ́, ó sì ń gbé mi padà sílé, èmi náà ò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá mi, onígbàgbọ́ tó ń gbé Ungwan Rimi, níbi tí igi pọ̀ ju ariwo lọ. Ó tín-ín-rín, ó ga, ó sì máa ń mu fúrá lọ́sàn-án bíi Fúlàní. Bó bá ti mu ún tán, á nu ẹnu rẹ̀, á ní, "Rísíkátù, ó yá, ẹ jẹ́ ká dààmú ara wa." Ọ̀rọ̀ àwọn tí ìwé ìròyìn bà lórúkọ jẹ́ ló mọ̀ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí àwọn ológun ṣí ìṣèlú sílẹ̀ díẹ̀, tí gbogbo ẹni tó ní agbádá fẹ́ du ipò, iṣẹ́ náà kún ọwọ́ wa.

Ó le o! Mo rántí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ fún un. Olùdíje kan wá pé ìwé ìròyìn pe òun ní olè. Inú bí mi bá a, mo jókòó ti tàpíráítà, mo kọ lẹ́tà tó gbóná. Ọ̀gá mi kà á, ó gbé ojú sókè.

"Kí ni wọ́n kọ gan-an?"

"Wọ́n ní olè ni, sà."

"Fi 'olè' hàn mí níbẹ̀."

Mo wo ìwé ìròyìn náà wò, mi ò rí olè. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ará àdúgbò fẹ́ kó wá ṣàlàyé bó ṣe kọ́ ilé rẹ̀. Ọ̀gá mi ya lẹ́tà mi sí méjì, ó ya á sí mẹ́rin, ó kó o lé mi lọ́wọ́ jẹ́ẹ́. "Ohun tó dùn ọ́ lo kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n tẹ̀. Kóòtù ò mọ ohun tó dùn ọ́." Nígbà náà, bí o bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ̀ lórí tàpíráítà, kábọ̀n ti gbé àṣìṣe náà dé orí gbogbo ẹ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tún un tẹ̀ títí ìka mi fi dúdú. Mo bú u nínú mi lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run forí jì mí. Lónìí, bí mo bá gbọ́ "gan-an" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ọkàn mi a fò lọ sí ọ́fíìsì yẹn, àárò rẹ̀ a sì sọ mí.

Ọ̀rọ̀ Àlàájì Mùdáṣírù ni mo fẹ́ sọ, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí ju ìwé lọ.

Àlàájì ní kẹ́mísì ní àdúgbò Trikania. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀, nígbà tó sì kọ́kọ́ dé láti Ìwó, bàbá Màlámù Garba ló fún un nílẹ̀ tó kọ́lé sí. Àlàájì àti Màlámù Garba jọ dàgbà ni. Bí ọmọ Garba bá ń ṣòjòjò, Àlàájì á gbé oògùn lọ. Bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, orí ẹní kan náà ni wọ́n ti ń ṣínu. Nígbà tí Àlàájì jáde du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀, Garba ló kọ́kọ́ mú un káàkiri lọ kí àwọn àgbà Haúsá àti Gbàgyí.

Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wá pè é sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Trikania. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ pé àwọn tó ṣáájú wa dé ìlú yìí ti kọ́ ilé-ìwé, wọ́n ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, ọmọ wọn ti di dókítà, àwa ṣì jókòó sídìí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká múra. A ó lé wọn bá!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, gbọ̀ngàn mì tìtì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀ròyìn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Jámíù. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n bíi ti púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí a bí síbí ni. Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "wá jẹun" àti "lọ wẹ̀". Haúsá ló fi ń lálàá. Ó gbọ́ "a ó lé wọn", àtẹ́wọ́ sì bo ìyókù. Lójú tirẹ̀, kí ni "lé"? Kí á lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gaàrí ni. Ọjọ́ kejì, àkọlé gàdàgbà wà lójú ìwé kìíní ìwé ìròyìn wọn pé olùdíje Yorùbá ní àwọn yóò lé àwọn tó ṣáájú àwọn dé Kaduna jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kaduna, ẹ ò ní béèrè ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ń kà á fún ara wọn ní Rigasa, àdúgbò àwọn Haúsá. Wọ́n sọ òkò lu kẹ́mísì Àlàájì, dígí iwájú fọ́ wómúwómú.

Ó wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú ìwé ìròyìn náà, fìlà rẹ̀ wọ́. Ọ̀gá mi ní kó jókòó, ó ní kí n lọ bu omi wá. Ó ka ìwé ìròyìn náà láti òkè dé ilẹ̀, ó sì bi í léèrè ohun tí èmi ti mọ̀ pé yóò bi í.

"Kí lẹ sọ gan-an, Àlàájì?"

"Mo ní a ó lé wọn bá. *Wallahi*, ohun tí mo sọ nìyẹn."

Ọ̀gá mi ṣàlàyé ọ̀nà tó wà fún un. Àkọ́kọ́, a lè kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lójú ewé kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bíi ti irọ́ náà. Bí wọ́n bá kọ̀, a ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, kóòtù sì lè ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú. A lè bẹ kóòtù kó dá wọn lẹ́kun kí wọ́n má tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n adájọ́ kì í fẹ́ dí ìwé ìròyìn lẹ́nu kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. A sì lè mú ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà àwọn oníròyìn. Àwọn kan yóò ní kí ọlọ́pàá lọ gbé Jámíù. "Ìyẹn, èmi ò ní í ṣe é," ni ọ̀gá mi wí. "Ilé ìwé ìròyìn ló tẹ̀ ẹ́, àwọn ni yóò jẹ́jọ́."

"Ìdìbò ńkọ́, Lọ́yà?"

"Òfin lè mú wọn sanwó, ó lè mú wọn bẹ̀bẹ̀. Òfin ò lè ní kí ọjọ́ ìdìbò dúró de òótọ́."

Àlàájì wolẹ̀. "Kí ìdìbò máa lọ, Lọ́yà. Garba ò kí mi mọ́. Mo kí i láàárọ̀ yìí, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilẹ̀ bàbá ẹ̀ ni mo ń gbé, ó sì rò pé òun ni mo fẹ́ lé."

Mo gbé omi náà dání, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Mo kọ lẹ́tà náà. Ọ̀gá mi ò ya á lọ́tẹ̀ yìí. Olóòtú wọn fèsì pé àwọn á ṣe àtúnṣe, wọ́n sì ṣe é lóòótọ́, ìlà mẹ́ta ní ojú ewé ẹ̀yìn, lábẹ́ ìkéde ẹni tó ń wá màlúù rẹ̀ tó sọnù. Wọ́n ní "ó ṣeé ṣe" kí akọ̀ròyìn àwọn ṣi Àlàájì gbọ́. Ọ̀gá mi ju ìwé ìròyìn náà sórí tábìlì. "Wọ́n kígbe irọ́ lójú ọjà, wọ́n wá sọ òótọ́ sínú ìkòkò. Rísíkátù, múra kóòtù."

Ìdìbò kò dúró dè wá. Nígbà yẹn, ìta gbangba la ti ń dìbò. Wọn á gbé fọ́tò olùdíje kọ́, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn fọ́tò rẹ̀, wọn á sì kà wọ́n. Mo wà ní Trikania lọ́jọ́ náà. Ìlà Àlàájì gùn díẹ̀, àwọn Yorùbá àti àwọn ìyá arúgbó tó ti fún loògùn ni. Màlámù Garba tò sórí ìlà kejì, ó kọ ẹ̀yìn sí fọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò wo apá ibẹ̀ rárá. Àlàájì ń wò ó. Wọ́n kéde pé ó fìdí rẹmi, mi ò sì rò pé ó gbọ́ ìkéde náà.

Ẹjọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ẹjọ́ ṣe máa ń falẹ̀. Lónìí adájọ́ ò wá, lọ́la lọ́yà wọn ń ṣàìsàn. Àwọn tó ń tù wá nínú á ní bí irọ́ bá ń lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òtítọ́ ni. Àmọ́ òwe náà kò sọ iye ohun tí irọ́ yóò ti bàjẹ́ kí òótọ́ tó dé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ti gba ìpàdé náà sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Inú wa dùn títí a fi gbọ́ ọ. "A ó lé wọn," àtẹ́wọ́ gbàá! Kò sí "bá" níbẹ̀. Lọ́yà wọn ti gbọ́ ọ, ó sì ń fi wá rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá mi ní, "Kọ gbogbo ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀, sà? Ikọ́ àwọn èèyàn náà?"

"Ikọ́ gan-an ni kí o fi bẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó tì í pẹ̀lú rẹ́díò oníbátìrì, nítorí wọ́n ti mú iná lọ, mo ń kùn. Gbogbo wa la máa ń pa á bí àtẹ́wọ́ bá ti dún. Lọ́jọ́ yẹn mo jẹ́ kó máa lọ. Bí àtẹ́wọ́ ṣe ń rọlẹ̀, ohùn ìyá arúgbó kan jáde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: "Ẹ yára o! Wọn ò tíì jìnnà sí wa!" Mo dá a padà. Mo tún un gbọ́. Mo sáré wọ yàrá ọ̀gá mi láìkan ilẹ̀kùn, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ lé ènìyàn kúrò níṣẹ́ ni. Ó gbọ́ ọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn wá pé Ọlọ́run ti pe ìyá náà kó tó lè wá jẹ́rìí ní kóòtù.

Nígbà tí Jámíù bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, ọ̀gá mi bọ̀wọ̀ fún adájọ́, ó tọrọ àyè kí òun fi Yorùbá bi í, kí ògbufọ̀ kóòtù sì máa túmọ̀.

"Ọmọ mi, níbo lo ti kọ́ Yorùbá?"

"Nílé, sà. Lọ́dọ̀ màmá mi."

"Bí màmá rẹ bá ní, 'Jámíù, bàbá rẹ gbàgbé fìlà ẹ̀, sáré lé e bá,' kí lo máa ṣe?"

"Màá mú fìlà, màá sáré tẹ̀lé wọn."

"O ò ní lé bàbá rẹ kúrò ní Trikania?"

Kóòtù rẹ́rìn-ín. Lọ́yà wọn fò dìde pé "bá" kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì, àtẹ́wọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní òun gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì náà máa lọ. Ohùn ìyá arúgbó náà jáde. Adájọ́, ọmọ Òkè Ọya gidi, kò dúró de ògbufọ̀. Ó fi Haúsá bi Jámíù fúnra rẹ̀ pé, "*Kai, me tsohuwar nan ta ce?*" Kí ni ìyá arúgbó yìí sọ?

"*Ta ce, ku yi sauri, ba su yi nisa ba*," ni Jámíù wí. Ẹ yára, wọn ò tíì jìnnà.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ní èdè tó ń gbọ́ dénú, mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ̀tá jáde tó máa ń bẹ̀rù pé ọ̀tá náà lè jìnnà jù. Kò sẹ́ni tó tún bi í ní ìbéèrè kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ orí ba, tó rọra sọ ọ́: "*Za mu cim musu.*" A ó lé wọn bá. Lẹ́yìn náà ó wo Àlàájì, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá."

Lọ́yà wọn ṣì jà díẹ̀. Ó ní ẹni tó bá du ipò gbọ́dọ̀ fara da lámèyítọ́. Ọ̀gá mi dáhùn pé èrò ọkàn wọn nípa Àlàájì lómìnira, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ní ó jáde lẹ́nu rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Adájọ́ dá wa láre. Ó ní kí wọ́n tọrọ àforíjì lójú ìwé kìíní, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Ní ti ìdìbò, àwọn ológun ti tú gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ká kí ìdájọ́ tó wáyé, ẹni tó na Àlàájì pàápàá ti ń jókòó sílé. A jọ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tí kò dénú.

Iṣẹ́ náà yí padà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Kọ̀ǹpútà dé, tàpíráítà di ibùsùn aláǹtakùn. Ọ̀gá mi kú, mo gba ọ́fíìsì náà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́tà àwọn ọmọ iṣẹ́, mo ń bi wọ́n ní "gan-an". Lónìí, orí fóònù ni irọ́ ti ń rìn, kò ní olóòtú tí èèyàn lè kọ̀wé sí. Ẹ̀yin tí ẹ bá máa ṣe iṣẹ́ yìí, tiyín á le ju tiwa lọ. Àmọ́ etí ò tíì yí padà.

Mi ò tíì sọ ohun tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí àforíjì náà jáde, Àlàájì wá gbé mi pé ká jọ lọ sí Rigasa. Garba ti kó lọ sílé ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọgbẹ́ni náà ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó ní ká jókòó, nítorí kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò béèrè àlàáfíà ilé. Àlàájì tẹ́ ìwé ìròyìn náà síwájú rẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Haúsá ṣàlàyé ohun tí kóòtù sọ.

Garba gbé ọwọ́ sókè, ó dá mi dúró. Ó ní òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìròyìn, òun ò sì bá kóòtù jà. Ó yíjú sí Àlàájì. "*Kai, faɗa mini da bakinka.*" Ìwọ, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi.

Àlàájì sọ ọ́ ní Yorùbá tí Garba ti ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré, bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n pe ìrun àsárì ní mọ́ṣáláṣí, Garba mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó sì jáde lọ. Mo wo Àlàájì. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, gbogbo ọdún yẹn, gbogbo ìwé yẹn.

Àlàájì fò dìde. Ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì, ó sáré jáde, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀. Àgbàlagbà ni òun náà. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó sáré títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ Garba, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"*Malam, na cim maka.*" Màlámù, mo ti lé ọ bá.

Garba dúró. Ó wo bàtà tó yí sódì lẹ́sẹ̀ Àlàájì, ó wo ojú rẹ̀.

"*Ka daɗe a hanya*," ló wí. O pẹ́ lójú ọ̀nà.

Ó gbé ọ̀pá sí ọwọ́ kejì kí Àlàájì lè di apá rẹ̀ mú dáadáa, wọ́n sì jọ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó padà wá béèrè rẹ̀.